Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó Ń Pe Ìrẹ́nijẹ ní Orúkọ, àti Bí Wọ́n Ti Kàn Wá ní Oko Ìbàdàn



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pe ìwà ẹni tí ó fi ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ dù ú. Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé, ní gbogbo abúlé wa, láti Mọ́níyà dé Àkànràn, àti láti Lálúpọn dé Ẹgbẹ́dá, ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ta ilẹ̀, òun ni a fi ń yá owó, òun náà ni a sì ń kà fún wa ní kóòtù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ àrùn tí ń ṣe é, yóò ṣòro fún un láti béèrè oògùn rẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn orúkọ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wọ́n wé ohun tí ojú wa ti rí.

Èkíní ni “cheat,” èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́, bí ẹnìkan tí ó ní ilẹ̀ bá kú láìní àrólé, ilẹ̀ rẹ̀ a padà di ti ìjòyè tí ó fi í fún un, tàbí ti ọba. “Escheat” ni wọ́n ń pe irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kiri, kí wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ náà ṣe ìwà ipá: wọ́n ń gba ilẹ̀ ẹni tí ó ní ọmọ, wọ́n sì ń sọ pé kò ní. Àwọn ará ìlú kórìíra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gé orúkọ iṣẹ́ wọn kúrú, tí ó sì di orúkọ fún ìrẹ́nijẹ gbogbo títí di òní.

Ẹ kíyèsí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti ìdí ogún òkú wá. Ẹni tí ó bá mọ oko kòkó kò ní ṣe àìmọ̀ ohun tí a ń wí. Bàbá kan gbin kòkó, ó sì kú nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Àṣà wa kò ní àbùkù lórí èyí: àwọn ọmọ ni ó ni oko, yálà a pín in ní ìdí igi, tí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, tàbí a pín in ní orí-ó-jorí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú ẹbí a dìde, a ní òun yóò máa bá àwọn ọmọ tọ́jú oko náà. A tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, a sì gbàgbé pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá béèrè, a ní, “Níbo ni o wà nígbà tí mo ń ro ó?” Ohun tí àwọn ìránṣẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gan-an nìyí. Wọ́n ṣe bí ẹni pé àrólé kò sí.

Èkejì ni “fleece.” Irun tí a rẹ́ lára àgùntàn ni orúkọ yìí ń jẹ́, Òyìnbó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìṣe fún ẹni tí ó bọ́ owó lára ọmọnìkejì. Nígbà tí a bá gbọ́ èyí, ọkàn wa a lọ sí ọ̀rọ̀ tiwa, “rẹ́ jẹ.” Rírẹ́ náà ni rírẹ́. Ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kì í kó gbogbo rẹ̀ lọ bí olè ti ń ṣe. Etí rẹ̀ ni ó ń rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àgùntàn kò kú, irun rẹ̀ yóò sì tún hù, a ó sì tún padà wá rẹ́ ẹ.

Níbi òṣùwọ̀n ni a ti mọ ìwà yìí jù lọ. Ní ayé àwọn bàbá wa, àpò kòkó kan jẹ́ 140 pọ́n-ùn ìwọ̀n, àpò 16 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Lónìí kílò ni a ń kà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Bí òṣùwọ̀n ẹni tí ń ra kòkó bá ń fi kílò méjì àti ààbọ̀ pamọ́ nínú gbogbo kílò 62.5, àgbẹ̀ kò ní fura, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi máa ta ìwọ̀n náà ní ìgbà 25, odindi àpò kan ti lọ láìsan kọ́bọ̀ kan lé e lórí. Òmíràn kì í fọwọ́ kan òṣùwọ̀n; a wí pé kòkó náà kò gbẹ, tàbí pé ó bu, a sì já a sí ipò kejì, lẹ́yìn náà a tà á ní ipò kìíní. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ William Nowell, láti wádìí ọ̀ràn kòkó, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1938, òṣùwọ̀n èké sì wà nínú ohun tí ó mẹ́nu bà. Ìrẹ́nijẹ yìí kì í ṣe ti oníkòkó nìkan. Ìyá tí ó ti ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú kí gààrí tó bù sí i, rírẹ́ ni ó ń rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni “swindle.” Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú èyí, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní èdè Jámánì, ìdí ọ̀rọ̀ náà ni kí òòyì máa kọ́ ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ ẹni tí ó gbé ìmọ̀ràn ńláńlá tí kò ní ìpìlẹ̀ kalẹ̀, tí ó fi ń gba owó àwọn aláìmọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tiwa ni “lu ni ní jìbìtì.” Ẹni tí a lù ní jìbìtì kì í mọ̀ pé a ń lu òun, òòyì ọ̀rọ̀ dídùn ni ó kọ́ ọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó tóbi ni ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní MMM, tí ó ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá, tí ó ṣèlérí èrè 30 nínú 100 ní oṣù kan fún ẹni tí ó bá fi owó sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ni òòyì náà. Ìlú Ìbàdàn ti fẹ̀ wọ inú oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ibi tí a ti ń ko kòkó rí ni a ń wọn ilẹ̀ ilé sí nísinsìnyí. Àwọn kan a sì ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta, olúkúlùkù yóò sì ní ìwé lọ́wọ́. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a fi lélẹ̀ ní 1916 ti ka ìwà yìí léèwọ̀; ẹsẹ 419 inú rẹ̀, tí ó dá lórí fífi èké gba ohun ìní ẹni, ni gbogbo ayé fi ń pe oníjìbìtì títí di òní.

Ẹ̀kẹrin ni “embezzle.” Èyí yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, nítorí ẹni tí a fi ohun ṣọ́ nìkan ni ó lè ṣe é. Olè kò lè ṣe é, àlejò kò lè ṣe é. Ó di dandan kí a kọ́kọ́ fọkàn tán ẹni náà. Akápò ẹgbẹ́ ni, tàbí alájọ, tàbí ẹni tí ń gba owó ìjọ. Àwa ń pè é ní “kówó jẹ.” Nínú ọ̀ràn kòkó, èyí tí a gbọ́ jù lọ ni ti Ìgbìmọ̀ Coker, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1962 láti yẹ ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, tí Bọ́ọ̀dù tí ń ta ìrè oko wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó púpọ̀ tí ó ti ara kòkó jáde ti gba ọ̀nà ìṣèlú lọ. Àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìjàyè tàbí ní Èrúnmu kò rí owó náà lójú rí, kò sì mọ̀ pé òun ní in. Ohun tí ó mú kíkówójẹ burú nìyí: ẹni tí a kó owó rẹ̀ jẹ lè dàgbà, kí ó sì kú, láìmọ̀ pé wọ́n jẹ òun.

Ẹ̀karùn-ún ni “extort.” Nínú èdè Látìn, èyí tí í ṣe orísun rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a lọ́ nǹkan títí yóò fi jáde, bí ẹni tí ń lọ́ aṣọ kí omi lè ro jáde. Ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún wa láti rí i pé àwọn bàbá wa, tí wọn kò gbọ́ Látìn rí, fi ọ̀rọ̀ kan náà pè é: “lọ́ ni lọ́wọ́ gbà.” Àwọn tí ó tú Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, bá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ ni, wọn kò ní láti yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rírẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó ní ọgbọ́n àrékérekè. Lílọ́ jẹ́ ti ẹni tí ó ní agbára. Kò fi í pamọ́ fún ọ. Ó di ọ lọ́wọ́ mú, ó sì ń wo ojú rẹ.

Ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 àti 1969 kò ṣe é yé ènìyàn bí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí a ń san fún àgbẹ̀ lórí kòkó ti wálẹ̀, owó-orí kò sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn agbowó-orí ń wọ oko, wọ́n ń mú àwọn bàbá onílé níwájú ìyàwó àti ọmọ wọn. Ẹni tí kò bá rí san a fún wọn ní owó ẹ̀yìn kí wọ́n lè fi í sílẹ̀, wọn a sì tún padà wá. Àwọn wolé-wolé àti àwọn tí ń yẹ kòkó wò ní tiwọn pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn lè san. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000 owó ẹyọ, èyí tí wọ́n kà sí ṣílè márùn-ún nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì dé. Nítorí náà ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ 30 ṣílè. Ní oṣù Kọkànlá 1968 ìjà náà dé Ìbàdàn, ìjọba sì gbé Ìgbìmọ̀ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti wádìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969 àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, ní Àkànràn. Lẹ́yìn èyí ni a dín owó-orí náà kù sí pọ́ùn méjì. A kò yin ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé àwọn àgbẹ̀ kò kọ̀ láti san owó-orí: wọ́n sọ iye tí wọ́n gbà pé ó tọ́, lílọ́ ni wọ́n kọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni “withhold,” kí a fa ohun tí í ṣe ti ẹlòmíràn mọ́wọ́. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ìjà. Owó náà wà lọ́wọ́ ẹni. A kàn kò fi í sílẹ̀ ni. Ní 1937 àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ńláńlá tí ń ra kòkó ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, àti ní Nàìjíríà, tí United Africa Company wà lára wọn, fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa san, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà fi owó lé e. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ láti ta kòkó wọn títí di oṣù Kẹrin 1938. Nítorí ọ̀ràn yìí ni a ṣe rán Ìgbìmọ̀ Nowell. Lẹ́yìn ogun Jámánì kejì ni ìjọba dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947, kí iye kòkó má baà máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ìgbì omi. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, iye tí àgbẹ̀ rí gbà kéré sí ohun tí wọ́n tà á ní ọjà ayé. Èyí tí ó kù wà ní àpò Bọ́ọ̀dù.

Ṣé ìrẹ́nijẹ ni èyí? Àwọn ọlọ́gbọ́n kò fohùn ṣọ̀kan. Apá kan wí pé owó náà ni ó ṣe ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, àti pé àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó kàwé níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Apá kejì wí pé a kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni owó kí a tó ná an, àti pé Ilé Kòkó tí ó ga ju gbogbo ilé Ìbàdàn lọ, tí a parí ní 1965, kò mú omi tàbí ọ̀nà dé oko tí kòkó ti wá. Òtítọ́ ni èyí náà. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé bí a bá tilẹ̀ fi owó ọlọ́wọ́ ṣe rere, ó yẹ kí olówó mọ̀, kí ó sì lè béèrè ìṣirò. A tú àwọn Bọ́ọ̀dù náà ká ní 1986.

Ẹ̀yin ará, títí di ìsinsìnyí, àwọn ẹlòmíràn ni a ti ń dárúkọ. Òyìnbó ni, ìjọba ni, oníkòkó ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, “withhold,” ni ó dé ẹnu ọ̀nà àwa tìkára wa. Ta ni ń kọ ebè, ta ni ń ro oko wa? Àwọn alágbàṣe ni, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ọ̀nà jíjìn wá, láti ilẹ̀ Ìgbìrà, láti Àgátú, àti láti ẹ̀yìn odò Ọya. A bá wọn ṣe àdéhùn ní òwúrọ̀; ní ìrọ̀lẹ́ a ní kí wọ́n ní sùúrù títí a ó fi ta kòkó. A ta kòkó tán, a ní ọmọ ń lọ ilé-ìwé. Àgbẹ̀ tí ó ń sunkún pé òṣùwọ̀n oníkòkó ń rẹ́ òun jẹ, òun náà ni ó ń fa owó alágbàṣe mọ́wọ́. Gbogbo yín mọ ìtàn Lábánì, tí ó yí owó ọ̀yà Jákọ́bù padà ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú ohun tí Jákọ́bù Àpọ́sítélì kọ sí àwọn ọlọ́rọ̀, pé owó ọ̀yà àwọn tí ó kórè oko ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. A kò mọ ìwé mìíràn tí ó sọ pé owó ní ohùn.

Ó yẹ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀ níhìn-ín. Gbèsè kì í ṣe ìrẹ́nijẹ. Ẹni tí ó yá owó tí kò sì rí i san nítorí pé òjò kò rọ̀, ajigbèsè ni, kì í ṣe oníjìbìtì, òfin sì mọ ìyàtọ̀ náà. Àwọn baba ńlá wa ní ọ̀nà tiwọn láti gba gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ṣe àlàyé “dídógò ti” ẹni: ológò a wá jókòó sí ilé ajigbèsè, a máa pariwo, a máa jẹ ohun tí ó bá rí, títí ojú yóò fi ti onílé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn láti oko dé oko náà gba orúkọ “Òṣómàáló” nítorí pé wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn kò sì ní dìde láìgba owó. Nínú gbogbo èyí gbèsè kò fi ara pamọ́. Ìta gbangba ni a ti ń béèrè rẹ̀. Ohun tí ó sọ gbèsè di ìrẹ́nijẹ ni kí a sẹ́ ẹ, tàbí kí a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò ní san.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ ti ilẹ̀ òkú, ti irun àgùntàn, ti òòyì, ti ọwọ́ tí ń lọ́. Tiwa ńkọ́? Rẹ́ jẹ. Yàn jẹ. Kó jẹ. Ẹ̀gúnjẹ. Nínú gbogbo wọn, ìparí wọn ni “jẹ.” Jíjẹ kì í ṣe ohun búburú fúnra rẹ̀, nítorí a ń jẹ oúnjẹ, a ń jẹ oyè, a sì ń jẹ ogún. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá ohun tí ó wọ inú wa jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹni lè wà nínú àpótí, kí a sì dá a padà. Ohun tí a bá ti jẹ kò ṣe é dá padà bí ó ti wà. Àgbà tí ó bá sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ni kí a ṣe? A rí ohun mẹ́rin. Àkọ́kọ́, kí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan dá owó jọ ra òṣùwọ̀n tiwọn, kí wọ́n sì wọn kòkó nílé kí oníkòkó tó dé. Kì í ṣe ohun tuntun. Lẹ́yìn òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dun ní ẹ̀bá Ìbàdàn forúkọ sílẹ̀ ní 1937, láti máa ta kòkó wọn papọ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ọwọ́ sí ìwé tí a kò tíì kà fún un ní Yorùbá, láti ẹnu ẹni tí kò ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ wa tí ó kàwé pọ̀. Ẹ rán wọn ní iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo akápò máa ka ìwé owó sétí ẹgbẹ́ ní ìgbà tí a ti dá, yálà ẹnìkan béèrè tàbí kò béèrè. Akápò tí ó jẹ́ olóòótọ́ ni èyí ń dáàbò bò jù lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ó kéré jù, ó sì le jù. Kí olúkúlùkù wa, kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ka owó alágbàṣe lé e lọ́wọ́ ní pípé. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ni ó lè dúró níwájú òṣùwọ̀n oníkòkó, kí ó sì wí pé, “Ẹ tún un wọ̀n,” tí ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n.